Ọ̀rá Funfun Inú Agolo

Bí àwọn ọmọ ilé bá ní kí n sọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí, otútù ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́, àti ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Mo máa ń sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ti oúnjẹ nìkan ni n kì í sọ. Mo ti dàgbà báyìí, ìtìjú náà sì ti sú mi í gbé kiri, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ayégbajú-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ mẹ́ta ni yèyé mi ti sin kí ó tó bí mi. Nígbà tí mo pé ogójì ọjọ́, ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ó ní bí Ọlọ́run bá lè fi èyí sílẹ̀ fún òun, òun àti ọmọ náà kò ní fẹnu kan ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí adìyẹ, kò sí ẹyin, títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò fi kú. Inú àlùfáà kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò rí i dá dúró. Àwọn àgbà obìnrin ìjọ ló fi tiwọn kún un. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ ẹni méjì ni, ẹ̀jẹ́ ẹni méjì sì ní bí a ṣe ń jẹ́ ẹ lọ́dọ̀ wa: bí ọ̀kan bá jáwọ́, èkejì ti bọ́, kò gbọdọ̀ dá a rù. Yèyé mi tún èyí sọ sókè lẹ́yìn wọn, ìjọ sì ṣe àmín.

Báyìí ni mo ṣe dàgbà láìmọ bí ẹran ṣe ń rí lẹ́nu. Kò dùn mí. Ẹran tiwa ni ẹ̀gúsí tí yèyé mi máa ń lọ̀ kúnná, tó máa ń pò mọ́ olú gbígbẹ, tó máa ń fọwọ́ rọ́ di kókó kókó, tó máa wà nínú ọbẹ̀ títí tí yóò fi le. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn á fi tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò tán, ìjà dé nìyẹn. Dúpẹ́ àbúrò mi, tí wọ́n bí tẹ̀lé mi, kò sí nínú ẹ̀jẹ́ náà, ẹran ló ń jẹ ní tirẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń jí ẹ̀gúsí mi jẹ.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ máa lọ sí ìlú òyìnbó, yèyé mi mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ulú tí o ń lọ yìí, wọ́n ní ẹran ni wọ́n í jẹ láàárọ̀, ẹran ni wọ́n í jẹ lálẹ́. Bí o bá rí i pa mọ́, pa á mọ́. Bí kò bá ṣe é ṣe mọ́, rán sí mi n'ulé kí mo mọ̀. Mi ò níí bínú. Kí o má ṣáà jẹ́ kí emi nìkan ó máa j'ùyà rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Tinútinú ni mo fi sọ ọ́.

Ìlú tí mo bá ara mi wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ilé ibẹ̀ dúdú fún èéfín bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé oúnjẹ tí kò lẹ́ran kò ní ṣòro. Èmi tí mo wá láti ìlú iṣu! Mo ra ọ̀dùnkún díndín lọ́wọ́ ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ti jẹ ẹ́ tó ìgbà mẹ́rin kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń dín in. Mo lọ bì í lẹ́yìn ilé. Mo kúrò ní ti ọ̀dùnkún, mo bọ́ sórí àkàrà òyìnbó aládùn, wọ́n ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀fọ́ pàápàá, omi ẹran ni wọ́n fi ń sè é. Mo wá fi ara mi fún búrẹ́dì, jáàmù àti tíì. Láàárín oṣù mẹ́rin, ṣòkòtò tí mo rán nílé kò dúró mọ́ ní ìdí mi.

N kò rí ẹni bá sọ ọ́. Mísíìsì Bẹ́lì, opó tó fún mi ní yàrá, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn mẹ́jọ tí wọ́n ti mọ́ mi lójú, òun ló ní kí n wọlé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ohunkóhun tí ènìyàn dúdú bá rí jẹ, ó yẹ kó dúpẹ́ ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí mo pàdé ní ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ojú yèyé mi gùn dé ibí ni. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, n óò sì padà sílé, n óò jókòó ti búrẹ́dì mi. Kò sí fóònù l'Áyégbajú nígbà náà, lẹ́tà la ń kọ. Dúpẹ́, tó ti di tíṣà, tó sì ti lọ sílé ọkọ l'Ọ́yẹ̀ẹ́ nítòsí wa, ló ń kà á fún Yèyé, òun náà ló ń bá a kọ èsì. Nínú gbogbo èsì, ìbéèrè kan kì í sọnù: ṣé mo ṣì ń pa á mọ́?

Mo ń pa á mọ́. Nígbà yẹn, òótọ́ ni.

Iṣẹ́ tí mo rí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe ẹran tí kì í ṣe ẹran. Ẹ̀pà ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á fọ ìyẹ̀fun àlìkámà nínú omi títí yóò fi ku èyí tó ń fà bíi rọ́bà, wọ́n á pò wọ́n pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ọ̀rá funfun kan, wọ́n á dì í sínú agolo, wọ́n á fi ooru sè é. Ó ya mí lẹ́nu pé àwọn òyìnbó kan wà tí kì í jẹ ẹran, tí kì í sì í ṣe nítorí ọmọ tó kú. Ẹnu mi kò lè padé. Àpò ẹ̀pà tí mò ń gbé láti ibi ìkó-ẹrù-sí, Kánò ni wọ́n kọ sára òmíràn nínú wọn.

Agolo tó bá tẹ̀, wọn kì í tà á. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú un lọ sílé. Àwọn tó kù kì í fẹ́, wọ́n ní ó dà bí ohun tí ajá jẹ kù. Èmi kó méjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo gbé e ka iná, mo fi ata gbígbẹ tí mo gbé wá láti ilé sí i, mo bù ú sẹ́nu, ó le díẹ̀, ó sì rọ̀ nínú, bí ẹ̀gúsí yèyé mi gẹ́lẹ́. Mo sunkún lórí oúnjẹ náà, n kò tijú láti sọ ìyẹn. Mo kọ̀wé sílé pé Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Dúpẹ́ ní Yèyé jó nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara mi bọ̀ sípò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti di ara ìlú náà, pé ó kéré tán, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń se oúnjẹ ilé mi láìmọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń po nǹkan ni wọ́n wá gbé mi lọ. Èmi ni mò ń fi okùn irin gé ọ̀rá funfun náà, tí mò ń jù ú sínú ẹ̀rọ. Kò ní òórùn, kò ní adùn, ó le bí ọṣẹ. Inú àpótí ló máa ń wà bí wọ́n bá gbé e dé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Tọ́ọ̀mù la jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ otútù, a jókòó fẹ́ jẹun, mo ṣí agolo mi.

Tọ́ọ̀mù wò mí. "Mo rò pé o kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí."

Mo ní, "Ẹ̀pà ni. Ṣebí àwa méjèèjì la pò ó."

Ó ní, "Ọ̀rá tí o gé láàárọ̀ ńkọ́?"

Mo ní òróró ẹ̀pà náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó dìde, ó mú mi lọ sídìí àpótí, ó fi àmì kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń pa àbùùbùtán ní òkun yìnyín, kò sí bí òun kò ṣe ní mọ àmì náà. Àbùùbùtán, ẹja tó tóbi ju ilé lọ, tó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Wọ́n ń yọ òróró rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ìkòkò irin, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ kan sí i pẹ̀lú ooru, òróró náà á sì dì, á funfun, á di ọ̀rá tó le. Òórùn ẹja á lọ pátápátá.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. N kò pariwo. Mo béèrè pé ṣé gbogbo ọ̀rá tó ń wọlé ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bí ti ẹ̀pà bá wà, ti ẹ̀pà ni wọ́n ń gbé wá. Bí kò bá sí, ti àbùùbùtán. Bó bá ti le tán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àwọn tó ń rà á kò béèrè." Mo wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo. Ohun tó sọ nípa ọ̀rá náà kò ju òróró jíjẹ lọ.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. N kò ṣẹ̀ nígbà tí n kò mọ̀. Mo padà sídìí oúnjẹ mi, agolo náà ṣì wà ní ṣíṣí, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo ní ebi ń pa mí ni. Lọ́jọ́ kejì mo ní òróró ni, kì í ṣe ẹran. Lọ́sẹ̀ kejì mo ní bóyá ti ẹ̀pà ni wọ́n gbé wá báyìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò lára àmì àpótí. Otútù mú, yìnyín bọ́, búrẹ́dì àti jáàmù tún wá sí mi lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé n kò lè padà sídìí wọn. Oṣù méje ni mo fi jẹ ọ̀rá àbùùbùtán, ojú mi là sílẹ̀. Oṣù méje náà ni mo fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé pé mò ń pa ẹ̀jẹ́ mọ́. Mo máa ń kọ ọ́ sí òpin lẹ́tà, kí n tó kí gbogbo ilé.

Ènìyàn tó bá jìnnà sílé lè jẹ́ ẹni méjì láìsí ẹni tó máa rí i. Ẹni tó wà nínú lẹ́tà mi jẹ́ ọmọ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ara mi lọ, n kò sì fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.

Nígbà tí otútù ti lọ, tí oòrùn wá ń yọ dáadáa, lẹ́tà Dúpẹ́ dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n," ó kọ ọ́ báyìí, "ara Yèyé kò yá. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun orí wọn ń já, wọn kò lè rìn dé oko mọ́. Mo gbé wọn lọ sí dìsípẹ́nsárì. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn kan, ẹ̀jẹ̀ wọn ló tán, kí wọ́n máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹran, pé bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, ara wọn á padà. Yèyé kò gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà láàárín òyìnbó, kò jẹ ẹ́, àwọn tí àwọn jókòó sílé ni yóò wá jẹ ẹ́? Àlùfáà wá, ó ní òun tú wọn sílẹ̀. Yèyé ní àlùfáà kò sí nínú ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu."

Mo ka lẹ́tà yìí lórí ìdúró, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ohun tí yóò gba yèyé mi là wà lọ́wọ́ mi, kò sì ju gbólóhùn kan lọ: Mo ti jáwọ́. Bí mo bá ti lè kọ ìyẹn, ó ti bọ́, yóò jẹ ẹyin lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀: Tọ́ọ̀mù, àmì àpótí, oṣù méje. Mo tún un kà, mo sì rí Dúpẹ́ lójú ọkàn mi tó ń kà á sókè, mo rí ojú Yèyé, mo rí àwọn obìnrin ìjọ tó jókòó tì í. Mo rí i pé ọmọ dáadáa inú lẹ́tà yẹn ti kú. Mo fà á ya. Mo tún òmíràn kọ. Mo ní àṣírí burúkú kan ló tú sí mi lọ́wọ́, pé òyìnbó ti ń fi ọ̀rá àbùùbùtán sí ẹran ẹ̀pà tí mò ń jẹ, pé n kò mọ̀, pé ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo da gbogbo agolo nù. Mo ní nítorí náà ẹ̀jẹ́ ti bàjẹ́, kí Yèyé jọ̀wọ́ máa jẹ ẹran. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Mo rò pé ó máa bọ́, ojú kò sì ní tì mí.

Nígbà tí mo ń retí èsì, mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣe ẹran ẹ̀pà náà láìsí ọ̀rá líle. Ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Mo ra ẹ̀wà funfun, mo rẹ ẹ́, mo bó o, mo fi ẹ̀rọ tí Mísíìsì Bẹ́lì fi ń lọ ẹran lọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pò ó mọ́ ẹ̀pà àti olú, mo fi òróró ẹ̀pà tó ń ṣàn, tí mo rí i bó ṣe ń ṣàn, sí i, mo tò ó sínú àwo, mo sè é. Àkọ́kọ́ fọ́ sínú omi. Èkejì le bí òkúta. Ìkẹta dúró. Mísíìsì Bẹ́lì tọ́ ọ wò, ó sì gbé àwo rẹ̀ wá kí n tún bù sí i. Ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nílé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ nǹkan lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ kọrin níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

Èsì dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dúpẹ́ ní Yèyé ní kí òun kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí òun má yí i padà:

"Ẹ sọ fún ọmọ mi kó má sunkún. Wọ́n tàn án jẹ ni. Ọjọ́ tó mọ̀ ló dà á nù, ibo ló ti jáwọ́? Kò fi mí sílẹ̀ nínú uṣẹ́ yìí, emi náà kò níí fi í sílẹ̀. À ń bá a lọ, àwa méjèèjì."

Lábẹ́ rẹ̀ ni Dúpẹ́ ti fi tirẹ̀ kún un pé lẹ́tà mi ti mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i, pé inú Yèyé dùn sí mi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹyin létí mọ́.

Ó yẹ kí n kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìwé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ti di méjì báyìí, èkejì sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní n óò kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, tí ọkàn mi bá balẹ̀. Ọjọ́ Àìkú dé, mo ní ó kù bí n óò ṣe gbé e kalẹ̀. Mo tún gbé e sí èyí tó ń bọ̀. Mo rán owó ẹran sí Dúpẹ́ bí òmùgọ̀, bí ẹni pé àìsówó ló ń dè wọ́n lọ́nà. Ní ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun l'Áyégbajú, Yèyé kú. Wọ́n ti sin ín kí lẹ́tà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Dúpẹ́ kọ ọ́ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Yèyé kú, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo ṣì lo ọdún púpọ̀ sí i níbẹ̀. N kò mọ ìdí. Bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí dé ibi tí ojú fi lè tì mí.

Nígbà tí mo wá padà dé, òmìnira ti dé ṣáájú mi, Dúpẹ́ sì ti ní ọmọ mẹ́rin. Mo lọ kí i l'Ọ́yẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó di mọ́ mi, ó ní kí àwọn ọmọ wá wo ẹ̀gbọ́n òun, ẹni tó tọ́jú ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ láàárín òyìnbó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ ẹ̀ mọ̀ ni."

N kò lè fara dà á. Mo ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta. Mo sọ fún un pé mo mọ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ, láti orí àmì àpótí dé orí lẹ́tà tí mo fà ya. Ó jókòó, ó fọwọ́ lé orúnkún.

"Oṣù mélòó?"

"Méje."

Ó ní, "Mo gbé ẹyin sẹ́nu wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣíbí gbé e sẹ́nu wọn, wọ́n pa ẹnu dé. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ."

Lọ́wọ́ rẹ, ó ní, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Láti kékeré tí a ti ń bára wa ṣeré, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ mi wá, torí pé àlejò ni mí, ó sì gbé e ka iwájú mi. Ó wá pe orúkọ mi, orúkọ tí Yèyé sọ mí, kò fi Ẹ̀gbọ́n síwájú rẹ̀, kò fi nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n jẹun. Títí di òní olónìí, bó ṣe ń pè mí nìyẹn, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, lójú ìjọ. Àwọn ènìyàn máa ń wò mí bóyá n óò bínú. Mo máa ń dá a lóhùn.